Àwẹ̀ró Nínú Lẹ́tà Sátidé

Ẹ̀rín ni Hidayah fi pàdé Oríolúwa. Ká ní ó mọ ohun tó wà níwájú ni, ì bá rọra rín in.

Ìsọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré kan ni Hidayah ní ní Àgọ́-Ìwòyè, lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà kọjá. Ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn, ó sì ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìkànnì sórí ayélujára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, ọkùnrin gbọọrọ kan yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e dání, ó sì wọlé.

"Ẹ wọ bàtà yín o, ẹ̀gbọ́n," ni Hidayah wí. "Kì í ṣe ilé Ọlọ́run lẹ wọ̀ yìí."

"Ẹ má bínú. Ó ti mọ́ mi lára ni. Ọmọ aláṣọ funfun ni mí."

Ó jókòó. Ó ní Oríolúwa lorúkọ òun, ọmọ Makun-Omi lòun, òun sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Mamu. Ó ní òun ní ìkànnì kan tí òun sọ ní Etí Omi, ibẹ̀ lòun ń kọ ìtàn ìlú òun sí: ọ̀rọ̀ ẹja, ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àwọn èèyàn ń wá kà á," ló wí, "mò ń rí ẹsẹ̀ wọn. Mo wá ní kí wọ́n fi ímeèlì sílẹ̀, kí n máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọn ò fi í sílẹ̀! Wọ́n á kà á tán, wọ́n á nu ẹnu nù, ó di gbére. Kí ni mo ṣe fún wọn?"

Hidayah ṣí ìkànnì náà. Ìtàn bí àwọn ìyá ṣe ń yan ẹja nígbà òjò ló bá níbẹ̀. Ó ní kí òun kàn wo ìlà méjì, kò mọ ìgbà tó kà á dé ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá níbẹ̀ ló ti rí àpótí tí àlejò máa kọ nǹkan sí. Orúkọ yín. Orúkọ bàbá yín. Nọ́ńbà fóònù. Ìlú tẹ́ ẹ ti wá. Ta ló pè yín wá? Ẹ̀bẹ̀ àdúrà yín.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga.

"Ẹ̀bẹ̀ àdúrà kẹ̀? Ẹni tó wá ka ìtàn ẹja lẹ ń bi ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà?"

Ojú ti Oríolúwa. "Káàdì àlejò ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo wò ṣe é. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń gba àlejò nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó yà mu omi, a kì í bi í lórúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀. Ímeèlì nìkan ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ sọ ọjọ́ tí lẹ́tà á máa dé, kí ojú wọn lè máa retí rẹ̀. Ẹ sì gbé àpótí yìí kúrò nísàlẹ̀, ibẹ̀ ti jìnnà jù. Ibi tí ìtàn bá ti dùn jù ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Nígbà tí ọbẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ni èèyàn ń béèrè pé ta ló sè é."

Oríolúwa ń wò ó bí ẹni pé òun gan-an ni ìtàn. "Kí lorúkọ yín?"

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ ò ní bi mí ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín pọ̀. Kí Oríolúwa tó lọ, Hidayah tún àpótí náà ṣe fún un, ó sì kọ ímeèlì ara rẹ̀ síbẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Etí Omi. Ẹ rántí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, Oríolúwa ò yé wá mọ́. Lónìí, ó ní bọ́tìnnì ò ṣiṣẹ́. Lọ́la, ó ní àwọ̀ àpótí ò wu òun. Hidayah mọ̀ pé irọ́ ni, irọ́ náà sì dùn mọ́ ọn. Ọjọ́ tí kò bá wá, ìsọ̀ náà á ṣófo lójú rẹ̀ bó tilẹ̀ kún fún èrò.

Wọ́n fi Sátidé ṣe ọjọ́ lẹ́tà. Àwọn tó ń gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ díẹ̀díẹ̀, láti Ìbàdàn, láti Èkó, àwọn ọmọ etí omi tó wà lókè òkun náà.

"Má kọ̀wé sí èrò," ni Hidayah máa ń sọ fún un. Nígbà yẹn, 'ẹ' ti di 'o' láàárín wọn. "Èrò ò ní etí. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó o máa kọ ọ́ sí, gbogbo wọn á gbọ́."

"Ìwọ ni màá máa kọ ọ́ sí, ọkàn mi."

Hidayah kọjú sí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ kò tọ̀nà mọ́.

"Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ gbà á mọ́ ńkọ́?" Oríolúwa bi í lọ́jọ́ mìíràn.

"Jẹ́ kó lọ. Fi bọ́tìnnì ìjáde síbi tó ti máa rí i. Ẹni tá a bá dì mú kì í padà wá. Ìbéèrè kan péré ni kó o bi í." Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín: *Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń lọ?* Ó tún kọ ohun tí ẹni náà máa rí lẹ́yìn tó bá ti lọ: *A ti yọ yín. Inú wa ò dùn, ṣùgbọ́n a ò bínú. A ò ní tilẹ̀kùn. Ìgbà tí etí omi bá tún wù yín, ẹ máa bọ̀ nílé.*

"Ta ló máa ka èyí tó ṣì máa lọ?" ni Oríolúwa wí.

"Ẹnì kan á lọ. Kò sí ọjà tí gbogbo èèyàn ń ná dalẹ́."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn ti wọra, Oríolúwa mú un lọ sí Makun-Omi kó lọ rí ìyá òun, Ìyá Zipporah, ìyá ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládúrà wọn, tó ń yan ẹja tà. Ìyá náà gbá ojú rẹ̀ mú, ó wò ó títí. "Ọmọ ìmàle tó rẹwà báyìí," ló wí. "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ mi ṣì í lò o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àdúrà ni wọ́n pè é.

Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Hidayah, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ inú igbó àti gẹdú, kò mọ omi. Ọkọ̀ mì, Hidayah kígbe, ó di ọkùnrin náà mú.

"Yéè! Màmá mi o!"

"Mo wà níbí. Kí ni màmá ẹ máa ń ṣe fún ẹ tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́?"

Ohùn Hidayah rọlẹ̀. Ó sọ fún un pé ìyá tó bí òun kú nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá bàbá òun ló tọ́ òun. Tí ẹ̀rù bá ń ba òun, màmá àgbà á fọwọ́ pa òun lórí, á máa fi oríkì pe òun. Àwẹ̀ró. Kò sẹ́ni tó ń pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tí ìyá àgbà ti kú, àfi bàbá òun, òun náà sì ni láàárọ̀ ọdún Iléyá nìkan.

Oríolúwa fọwọ́ pa á lórí. "Àwẹ̀ró. Má bẹ̀rù. Àwẹ̀ró mi."

Omi ò mì mọ́ lójú Hidayah. Ó sunkún níbẹ̀, ẹkún ayọ̀ ni. Kò tíì fẹ́ràn ẹ̀dá kankan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá ku bàbá Hidayah. Alhaji Bàdírù ń la gẹdú ní Àtìkọrí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í pariwo. Ẹ̀rù ba Hidayah láti sọ ọ̀rọ̀ Oríolúwa fún un. Ó kúnlẹ̀.

"Aládúrà ni, Bàbá."

Bàbá rẹ̀ nu iyẹ̀fun pákó kúrò lápá. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pẹ́ nílé onígbàgbọ́. Wọn ò pa á jẹ. Mi ò ní torí ẹ̀sìn lé ọmọ ọlọ́mọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá bá mi lábẹ́ òrùlé mi, ká mọ ara wa, kí ayé tó gbọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi níta. Ìyá tó bí ẹ ti lọ, ìyá tó tọ́ ẹ ti lọ. Èmi nìkan ló kù tí wọ́n máa tọrọ ẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí wọ́n má gba ìyẹn mọ́ mi lọ́wọ́."

"Wọn ò ní gbà á, Bàbá."

Nígbà tí Oríolúwa wá kí i, Alhaji fún un ní àga, ó fún un ní obì. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Olùkọ́ ni mí, sà. Mo sì ń kọ̀wé."

"Ìwé kíkọ ń bọ́ ìyàwó?" Bàbá rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. "Mò ń bá ẹ ṣeré ni. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ kanlẹ̀ ilé, pákó wà lọ́wọ́ mi."

Ṣùgbọ́n eré yẹn wọ Oríolúwa lára. Bí wọ́n ṣe ń dé ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ pé, "Kò rò pé mo lè bọ́ ẹ." Hidayah ní àwàdà ni. Kò gbà.

Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Láàárín àkókò náà, oníṣòwò kan tó ń kó ẹja gbígbẹ lọ sókè òkun sọ fún Oríolúwa pé tí àwọn tó ń gba lẹ́tà Etí Omi bá lè pé ẹgbẹ̀rún, òun á máa polówó ọjà òun níbẹ̀ lóṣooṣù. Oríolúwa kà wọ́n wò. Wọn ò tó ìdajì. Oorun kúrò lójú ọmọkùnrin. Ó fẹ́ dé iwájú bàbá yẹn kó sọ pé, ẹ wò ó, sà, ìwé kíkọ ń bọ́ ìyàwó.

Ìfẹ́ ló ṣe é. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìkà èèyàn.

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Hidayah wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ń bọ̀ nílé láti Àgọ́-Ìwòyè. Ó ṣí fóònù rẹ̀. Lẹ́tà ti dé. *Àwẹ̀ró Lórí Omi* ni àkọlé rẹ̀.

Ó tún àkọlé náà kà.

Ó kà á. Ọkọ̀ tó mì wà níbẹ̀. Igbe rẹ̀ wà níbẹ̀. Màmá àgbà wà níbẹ̀, ọwọ́ tó ń pa á lórí wà níbẹ̀. Bàbá kan sì wà níbẹ̀ tó ń la gẹdú, tí ọkàn rẹ̀ le ju ìrókò lọ, tó lé ọkùnrin náà bí ajá kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó wo orí ìkànnì. Níbẹ̀, ìtàn náà dúró gẹ́lẹ́ síbi tí ọkùnrin náà ti na ọwọ́ sí orí ọmọbìnrin náà, àpótí sì wà níbẹ̀ pé: ẹ fi ímeèlì yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè ka ìyókù.

Ibi tí ìtàn ti dùn jù. Òun ló kọ́ ọ.

Ó pe Oríolúwa. Ayọ̀ ń hó lẹ́nu ọkùnrin náà. "Àwẹ̀ró mi! Wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rún! Wọ́n ń wọlé bí èéṣú! Ohun tó o kọ́ mi—"

"O kọ ọ̀rọ̀ mi síta."

"Mo bò ọ́ mọ́lẹ̀ nà. Mi ò dárúkọ Hidayah níbì kankan. Oríkì nìkan ni mo lò. Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Ará ilé mi, Orí. Àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Ó wá jọ pé ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Oríolúwa létí. Ó ti fi ọmọbìnrin náà pamọ́ fún gbogbo ayé, ó sì fi hàn nílé bàbá rẹ̀.

"Màá yọ ọ́," ló wí. "Màá yọ ọ́ báyìí báyìí."

"Yọ ti ìkànnì. Èyí tó ti wọ ímeèlì àwọn èèyàn ńkọ́?"

Ẹyin lọ̀rọ̀.

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ ti dé ṣáájú rẹ̀. Àǹtí Abibat, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé Ṣàgámù, ti pè. Ọ̀rẹ́ kan ló fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí i, ó dùn mọ́ ọn, ó fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ kó lè mọ ìparí, ó tilẹ̀ ti ń nu omijé kó tó mọ ọmọ ẹni tó ń kà. Ó wá kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ látorí fóònù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Alhaji Bàdírù jókòó sórí àga, fìlà rẹ̀ wà lórí eékún.

"Hidayah, ìgbà wo ni mo lé e bí ajá?"

"Ẹ ò lé e, Bàbá."

"Mo fún un ní obì."

"Ẹ fún un, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ojú ń tì mí ni. Àwọn tí mi ò mọ̀ ti mọ ohun tí ìyá mi fi ń rẹ ọmọ mi lẹ́kún. Wọ́n ti gbọ́ ọ ṣáájú àlejò tó fẹ́ wá tọrọ ẹ." Ó dìde. "Kí wọ́n má wá mọ́."

Wọ́n ṣì wá. Ìyá Zipporah kó àwọn àgbà ìjọ wọn wá láti Makun-Omi, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀ sí iwájú ilé ní Àtìkọrí. Oríolúwa dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn wọn. Alhaji gbé ìyá náà dìde fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé omi fún wọn.

"Ìyá, ẹ ò ṣẹ̀ mí," ló wí. "Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ wá tọrọ, ọmọ yín ti mú un lọ há fún àwọn èèyàn. Kí ló kù tí mo fẹ́ fún yín?"

Ìyá Zipporah sunkún dé inú mọ́tò. Kò gbá ọmọ rẹ̀ létí, kò bú u, èyí ló tún dun Oríolúwa jù.

Lálẹ́ tí àlejò lọ tán, bàbá pe Hidayah. "Tó o bá ní àfi òun, màá yọ̀ǹda. Ẹ lè ṣe ìgbéyàwó yín, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á dúró fún mi. Èmi ò ní lè jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní gégùn-ún fún ẹ láé. Ìwọ ni kó o sọ ohun tó o fẹ́."

Ìyẹn ló le jù. Ì bá rọrùn fún un ká ní bàbá rẹ̀ kígbe, ká ní ó jẹ́ bàbá inú ìtàn yẹn lóòótọ́.

Oríolúwa wá sí ìsọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ti rù, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bíi tọjọ́ kìíní. Hidayah ò lè rẹ́rìn-ín.

"Mo ti sọ fún oníṣòwò ẹja pé mi ò ṣe mọ́," ló wí. "Màá pa ìkànnì yẹn rẹ́. Màá kọ lẹ́tà sí bàbá, màá kọ ọ́ síta pé irọ́ ni mo pa mọ́ wọn. Ohunkóhun tó o bá ní kí n ṣe."

"Má kọ nǹkan kan nípa bàbá mi mọ́. Jọ̀ọ́."

"Ṣé o ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn ẹ. Kí n má parọ́. Mo fẹ́ràn ẹ débi tí mi ò lè jẹun." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tó o bá pè mí ní Àwẹ̀ró lónìí, ohùn ẹgbẹ̀rún èèyàn ni màá gbọ́. Tó o bá dì mọ́ mi, màá máa rò ó bóyá á jáde ní Sátidé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ẹ sùn nínú yàrá kan?"

"Àwẹ̀—" Ó gé e kúrò lẹ́nu. "Hidayah. Ìwọ lo ní kí n kọ ọ́ sí ẹnì kan."

"Sí ẹnì kan, Orí. Mi ò ní kó o kọ ọ́ nípa rẹ̀."

Oríolúwa gbé bàtà rẹ̀, ó sì bọ́ sínú òjò láìwọ̀ ọ́. Hidayah wò ó títí kẹ̀kẹ́ kan fi gbé e lọ.

Kò pa ìkànnì rẹ́, torí Hidayah ò sọ pé kó pa á rẹ́. Lẹ́tà ń dé ní Sátidé. Kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ó ń kọ nípa omi, nípa àwọn ewéko tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, nípa ààrò tí ìyá rẹ̀ fi ń yan ẹja. Hidayah ń kà á nínú yàrá rẹ̀, ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò lè lọ, kò lè dúró.

Láàárọ̀ Sátidé kan, bàbá rẹ̀ bá a lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Ọmọkùnrin yẹn ṣì ń kọ̀wé?"

"Ó ń kọ ọ́, Bàbá."

"O ṣì ń kà á?"

Hidayah dojú fóònù bolẹ̀. Bàbá fọwọ́ kan ìgbátí ilẹ̀kùn tó fúnra rẹ̀ là nígbà tó ń kọ́lé. "Ó dáa," ló wí, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀ rárá.

Hidayah ka lẹ́tà náà parí. Ìlà tó kẹ́yìn ni: *Ẹnì kan ṣoṣo ṣì ni mò ń kọ ọ́ sí.*

Bọ́tìnnì ìjáde wà lábẹ́ rẹ̀, kedere, bó ṣe ní kó wà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè yọ jáde: *Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń lọ?*

Ó kọ ọ́ pé: *Èmi ni ẹnì kan yẹn. Àwọn tó kù ti pọ̀ jù láàárín wa.* Ó fi ránṣẹ́.

*A ti yọ yín. Inú wa ò dùn, ṣùgbọ́n a ò bínú. A ò ní tilẹ̀kùn. Ìgbà tí etí omi bá tún wù yín, ẹ máa bọ̀ nílé.*

Ó rántí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́, ejìká Oríolúwa nítòsí tirẹ̀. Ó fi ìborùn bo ojú, ó sunkún bí ẹni tí òkú kú fún.

Ọdún Iléyá dé. Hidayah wẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, ó lọ kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Alhaji Bàdírù gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó la ẹnu láti fi oríkì pè é. Àwọn méjèèjì ń dúró de ọ̀rọ̀ kan náà.

Ọ̀rọ̀ náà ò jáde.

"Hidayah," ló wí. "O kú ọdún, ọmọ mi."

"Ẹ kú ọdún, Bàbá."